Ajá Tó Kùn Kò Tíì Bù Yín Jẹ

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló mú ajá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi l'Ádó-Èkìtì. Irú ajá òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Malinois ni, akọ, ọmọ ọdún méjì, ara rẹ̀ ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Bàbá náà fi ṣéènì méjì dì í mú, wọ́n jókòó sí etí àga bí ẹni tó wá jẹ́jọ́. Ajá ti bu ọmọ-ọmọ wọn jẹ lápá.

"Dókítà, kò kùn, kò gbó. Ó kàn gé ọmọ jẹ ni."

Mo ní nígbà tó wà ní kékeré ńkọ́, ṣé kì í kùn ni?

"Háà, ó máa ń kùn nígbà yẹn! Béèyàn bá ti sún mọ́ abọ́ rẹ̀ báyìí, á ní hùn-ùn-ùn. Pàṣán ni mo fi gbà á lẹ́nu rẹ̀."

Iṣẹ́ tíṣà kò tíì kúrò lára wọn. Àmọ́ ohun tí pàṣán gbà lẹ́nu ajá yẹn kì í ṣe ìbínú, ohùn ni. Ìbínú wà níbẹ̀ digbí. Ajá tó ń kùn ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá nà án nítorí ẹ̀bẹ̀ yìí, ohun tó máa kọ́ ni pé kó má bẹ̀ yín mọ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá tún kàn án lára, eyín ló máa kọ́kọ́ dé.

Kó tó kùn gan-an, ara rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ ná. Ẹnu tó là sílẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ á ṣàdédé pa dé. Á lá ètè láìsí oúnjẹ, á yán láìsí oorun, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ẹ ó fi rí funfun ẹyinjú rẹ̀. Ara á wá le bí igi. Ìrù ló máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ: wọ́n á ní ṣebí ó ń ju ìrù, inú rẹ̀ dùn. Ìrù tó nà sókè gan-an, tó le, tó wá ń gbọ̀n kíákíá, kì í ṣe ti ìdùnnú.

Ẹ jẹ́ ká mọ irú ajá tí à ń sọ. Ìlú Mechelen ní Bẹ́ljíọ̀mù ni orúkọ Malinois ti wá, ajá darandaran sì ni kí àwọn ológun àti ọlọ́pàá tó gbà á síṣẹ́. Alsatian náà, ọmọ ogun Jámánì kan, Max von Stephanitz, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò bí wọ́n á ṣe máa bí irú rẹ̀ ní 1899, iṣẹ́ àgùntàn ló sì ní lọ́kàn. Ajá tí wọ́n ṣà fún kó máa sáré látàárọ̀ dalẹ́, kó máa ṣọ́ ohunkóhun tó bá mira, kó sì máa fi ẹnu ṣiṣẹ́, òun la rà wálé nítorí àwọn olè.

Ẹ wá wo ajá ọdẹ tiwa. Ìdájí ló ti tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wọgbó ní apá Ẹ̀fọ̀n, ṣaworo ń dún lọ́rùn rẹ̀, imú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀ títí oòrùn fi mú. Bó bá padà délé, ẹ̀gbẹ́ ààrò ló ń sùn sí, ọmọdé á gba orí rẹ̀ kọjá, kò ní gbórí sókè. Kì í ṣe pé ìwà rẹ̀ dára ju ti ajá Tíṣà lọ. Ó ti ṣiṣẹ́ ni. Ti Tíṣà, ìdí igi máńgòrò ni wọ́n so ó mọ́ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ oṣù mẹ́ta. Láti ọ̀sẹ̀ 3 sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ló sì yẹ kójú ọmọ ajá máa là sí ayé: àlejò, ọmọdé tó ń sunkún, ẹni tó dé fìlà, ariwo jẹnẹrétọ̀. Tíṣà tì í mọ́lé nígbà yẹn kí wọ́n má bàa jí i. Nílẹ̀ tí àwọn kan ti ń fi ajá jẹ iyán, mi ò lè dá wọn lẹ́bi púpọ̀.

Ẹnu géètì ni wàhálà ti ń gbilẹ̀. Ọ̀kadà ń bọ̀, ajá sáré lọ, ó gbó, ó fò mọ́ irin. Ọ̀kadà kọjá. Ẹ̀yin mọ̀ pé ọlọ́kadà ń bá tirẹ̀ lọ ni. Lójú ajá, òun ló lé e. Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ìgbà tí wọn ò sanwó fún un. Lọ́jọ́ kan ẹ ó di ìgbànú ọrùn rẹ̀ mú kẹ́ ẹ lè fà á sẹ́yìn, á yíjú padà gé yín lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin ló ń bá jà. Ara ti gbóná, ọwọ́ rẹ̀ ò tó ọlọ́kadà, ọwọ́ yín ló sún mọ́ ọn.

Ẹ fi páànù bo géètì náà kó má rí títì. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń gbọ́ ìró ọ̀kadà lókèèrè tí kò tíì máa gbó. Bí ìró bá ti wọlé, ẹ ju ẹran bíńtín sí i. Ìró, ẹran. Ìró, ẹran. Nígbà tó bá di pé ó gbọ́ ìró tó sì ń wo ojú yín, ẹ sún mọ́ géètì ní ìṣísẹ̀ méjì. Bó bá gbó, ẹ ti yá jù, ẹ padà sẹ́yìn. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Bínú bá ń bí yín lọ́jọ́ kan, ẹ fi tọjọ́ yẹn sílẹ̀.

Iṣẹ́ wo lẹ wá lè fún un? Ọ̀pọ̀ rò pé eré sísá ni. Bó bá jẹ́ eré nìkan lẹ̀ ń bá a sá, ajá tí èémí rẹ̀ gùn ju tiyín lọ lẹ máa ní. Lílo imú ló tètè ń rẹ ajá. Dípò kẹ́ ẹ bu oúnjẹ sí abọ́, ẹ fọ́n ọn sínú koríko kó máa fimú wá a. Ẹ fi àkísà tó mọ òórùn rẹ̀ pamọ́ sáàárín igi ìdáná, kó lọ wá a jáde. Okùn fífà náà dára, àmọ́ ó lófin: bẹ́ ẹ bá ní "fi sílẹ̀", kó fi sílẹ̀ kí eré tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, 20 nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Ẹ má ṣe é lọ́sàn-án gangan o, ooru máa ń pa ajá, Malinois kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Bíṣẹ́ bá tán, ẹ kọ́ ọ kó dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ìsinmi gan-an, ẹ̀kọ́ ni fún irú ajá yìí.

Ti abọ́ àti egungun, ẹ má fọwọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ju ohun tó dùn jù ú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá ti lọ bá a, ẹ gbé ti àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ máa dà á dojú délẹ̀ kó lè mọ̀ pé ẹ̀yin lọ̀gá, ẹ̀rù lẹ̀ ń fi kún ẹ̀rù. Títẹ̀ ẹ́ lọ́dàá lè dín bó ṣe ń rìn kiri kù, kò ní wo ẹ̀rù sàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń po ata àti ẹ̀tù ìbọn mọ́ oúnjẹ rẹ̀ kó lè "gbóná", inú ajá lẹ̀ ń bà jẹ́, ajá tí inú ń run kì í ṣọ́lé dáadáa.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èyíkéyìí nínú wọn, ẹ mú un wá ká yẹ̀ ẹ́ wò. Etí tó ń ro ó, ìbàdí tó ń dùn ún, gbogbo rẹ̀ ló lè di ìjà. Ajá kan tí gbogbo ilé ń sá fún, eyín tó kẹ̀ ló ń dà á láàmú. A yọ eyín, ìjà tán.

Ojú ọgbẹ́ ọmọ ni mo kọ́kọ́ bi Tíṣà lọ́jọ́ yẹn. Bí àmì àrùn dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń yè é, láti ara ajá ló sì ti ń ran ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń kó o. Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Kò gba epo, kò gba ata. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má yára pa ajá náà. Ẹ tì í mọ́lé kí dókítà ẹranko máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún ajá kó má bàa kó dìgbòlugi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó bá pé ọmọ oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn, ọdọọdún.

A ra agbọ̀n onírin tí wọ́n fi ń bo ẹnu ajá fún ti Tíṣà, irú èyí tó lè lanu mí, tó sì lè mumi nínú rẹ̀. A ń fi ẹran sínú rẹ̀ títí ó fi ń ki ẹnu bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Bí àwọn ọmọ-ọmọ bá wá sílé, ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, àgbàlagbà kan á sì wà níbẹ̀. Pàṣán kò sí mọ́.

Lóṣù tó kọjá, fóònù mi dún láàárọ̀ kùtù.

"Dókítà, ó kùn! Ọmọ fẹ́ fò kọjá lórí ẹní rẹ̀, ó sì kùn!"

"Ẹ kú oríire, Tíṣà. Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo pe ọmọ wọlé."