Owó ọ̀yà tó gbilẹ̀ kì í ṣe orúkọ mìíràn fún owó yúníọ́nù

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí ìjọba ìlú kan ní Amẹ́ríkà bá ti gbé iṣẹ́ ilé ìwé tàbí títì jáde, tí ọmọ Yorùbá kan tó ń ṣe kọngílá níbẹ̀ sì béèrè iye tó yẹ kóun san fáwọn òṣìṣẹ́ òun, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi dá a lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, prevailing wage ni. Owó yúníọ́nù ni.” Ìyẹn ni iye tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá àwọn agbanisíṣẹ́ ṣàdéhùn lé lórí. Á sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló jókòó ti àwọn tó kọ òfin náà. Ẹni tó béèrè á wá fi owó yúníọ́nù ṣírò, á rí i pé èrè ò sí níbẹ̀, á sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Tàbí kó wò yíká, kó rí i pé kò sí yúníọ́nù ládùúgbò yẹn, kó wá rò pé òfin náà ò kan òun. Èyí kejì yìí ló burú jù.

Prevailing wage, ká pè é ní owó ọ̀yà tó gbilẹ̀, ni iye tó kéré jù tí kọngílá gbọ́dọ̀ san fún káfíńtà, oníná, bíríkìlà tàbí lébírà tó bá ń bá a ṣiṣẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀, àgbègbè kọ̀ọ̀kan náà sì ní tirẹ̀. Òfin àpapọ̀ tó ń jẹ́ Davis-Bacon, èyí tí Ààrẹ Herbert Hoover buwọ́ lù ní 1931, kò sọ pé iye tí yúníọ́nù bá dá ni kí wọ́n san. Ohun tó ní kí wọ́n san ni iye tó gbilẹ̀ fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ní àgbègbè yẹn.

Mi ò ní í fi àkókò ṣòfò lórí ẹ̀rí tó wà nígbangba. Ẹni tó bá ti ṣí ìwé iye owó tí ìjọba àpapọ̀ ń gbé sórí ìkànnì SAM.gov rí, ó mọ̀ pé àmì kan máa ń wà lórí iye kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ PLUM (iṣẹ́ páìpù omi) tàbí ELEC (iṣẹ́ iná) ló bẹ̀rẹ̀ àmì náà, yúníọ́nù ló ni iye yẹn. Bó bá jẹ́ SU, ìpíndọ́gba tó ti inú ìwádìí jáde ni. Ẹ lọ ka iye SU tó wà nínú ìwé káúńtì yín, ìyẹn àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ yín, kẹ́ ẹ tó padà wá bá mi jiyàn.

Ohun tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí kò mọ̀, tí wọn ò sì béèrè, ni pé ta ló pinnu pé iye kan ti gbilẹ̀? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Ẹ jẹ́ ká ní káfíńtà 10 ló ṣiṣẹ́ ilé ńláńlá ní káúńtì kan lásìkò tí wọ́n ṣèwádìí. Àwọn 4 jẹ́ ọmọ yúníọ́nù, $40 ni wọ́n ń gbà ní wákàtí kan. Àwọn 6 yòókù, ohun tó wu ọ̀gá kálukú ló ń san: $27, $28, $29, $30, $31, $33. Èwo ló gbilẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀?

Bó bá jẹ́ ìlànà tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lò láti 1983 títí di 2023 la fi wò ó, ìdáhùn ni $33.80. Ìlànà yẹn ní bí kò bá sí iye kan tí ó ju ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ lọ tó ń gbà á, kí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n pín in dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ kò sí káfíńtà kankan nínú àwọn 10 yẹn tó ń gba $33.80. Iye tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí ni wọ́n ní ó gbilẹ̀. Irú gbígbilẹ̀ wo nìyẹn?

Ní October 2023, ìlànà tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tuntun ọ̀hún, ti àtijọ́ ni, torí òun ni wọ́n ń lò láti 1935 kí ìjọba Ààrẹ Reagan tó yí i padà. Ó ní bí iye kan kò bá ti ju ìdajì lọ, kí wọ́n wo iye tí àwọn tó pọ̀ jù ń gbà, bó bá ṣáà ti tó 30% nínú wọn. Àwọn 4 nínú 10 jẹ́ 40%. Owó tó gbilẹ̀ wá di $40. Káfíńtà kan náà, káúńtì kan náà, ìdáhùn méjì.

Ẹni tó bá fojú sílẹ̀ á ti rí ibi tí ìgbàgbọ́ òdì yẹn ti rú jáde. Ìwé àdéhùn yúníọ́nù máa ń mú kí owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dọ́gba dé orí sẹ́ǹtì tó kẹ́yìn. Owó àwọn tí kò sí nínú yúníọ́nù máa ń fọ́n ká bí àgbàdo tó dà sílẹ̀. Nítorí náà, bí ìjọba bá ń wá iye kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ń gbà, ti yúníọ́nù ló máa ń tètè yọ síta. Kì í ṣe pé òfin fẹ́ràn wọn. Bí kọngílá kan tí kò ní yúníọ́nù bá ní òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ, tó sì ń san $31 gééré fún gbogbo wọn, $31 náà lè di owó tó gbilẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kó àwọn iye yìí jọ ló tiẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀ka tó ń bójú tó owó ọ̀yà àti wákàtí iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń fi fọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ WD-10 ránṣẹ́ sáwọn kọngílá àtàwọn mìíràn tọ́rọ̀ kàn. Kò pọn dandan kéèyàn dáhùn. Yúníọ́nù ní akọ̀wé, ó ní fáìlì, ó sì mọ ohun tó wà nídìí fọ́ọ̀mù yẹn fáwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Kọngílá kékeré tó jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ṣe ìwé owó lálẹ́ á ju fọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà tí iye bá wá jáde, òun náà ló máa kọ́kọ́ pariwo pé wọ́n ti gbé owó yúníọ́nù kọ́ òun lọ́rùn. Ní 2011, GAO tó ń bá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì yẹ iṣẹ́ ìjọba wò kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ìwádìí yìí ń fẹ́ àtúnṣe. Torí náà, bẹ́ ẹ bá bi mí bóyá $40 lòótọ́ tàbí $33.80, màá ní ó kù sọ́wọ́ ọdún tẹ́ ẹ béèrè àti ẹni tó yọ̀ǹda láti sọ̀rọ̀.

Ọ̀kan wà tí kò gbè mí, ṣùgbọ́n mi ò ní í fi pamọ́. Ní New York, ẹni tó bá sọ pé owó yúníọ́nù ni, díẹ̀ ló kù kó jàre. Abala 220 nínú òfin òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà ní kí wọ́n mú iye inú àdéhùn yúníọ́nù, bí àwọn agbanisíṣẹ́ tó wà nínú àdéhùn náà bá ti gba 30% àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yẹn síṣẹ́ ní àgbègbè náà. Mo fura pé ará Brooklyn kan ní New York níbẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, kó tó rìn dé Houston ní Texas.

Ní Houston, ọ̀tọ̀ ni. Orí 2258 nínú òfin ìjọba Texas ní kí ìlú tàbí káúńtì tó ń gbé iṣẹ́ jáde wádìí iye tó gbilẹ̀ ládùúgbò tirẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kó mú iye Davis-Bacon. California ní òfin tirẹ̀, tó ń mú iṣẹ́ tó bá ti ju $1,000 lọ, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo iṣẹ́. Georgia ò ní òfin ìpínlẹ̀ kankan lórí rẹ̀. Kansas ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí láàárín àwọn ìpínlẹ̀, ní 1891. Kansas yìí kan náà ló pa á rẹ́ ní 1987. Michigan pa tirẹ̀ rẹ́ ní 2018, wọ́n tún fọwọ́ sí i padà ní 2023. Ìdí nìyí tí mi ò fi lóye bí ẹnì kan ṣe lè jókòó sí ìpínlẹ̀ kan, kó máa fọwọ́ sọ̀yà nípa òmíràn.

Owó àpapọ̀ tún wà níbẹ̀. Davis-Bacon fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bá gbé jáde ló wà fún. Bí ìlú kan ní Georgia bá fi owó orí tirẹ̀ nìkan tún ilé ìkàwé ṣe, kò kàn án. Ṣùgbọ́n bí díẹ̀ nínú owó náà bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wá, òfin tó gbé owó ọ̀hún jáde lè fa Davis-Bacon wọlé tẹ̀lé e. Mo ní “lè”, torí kì í ṣe gbogbo owó ìrànwọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé owó yúníọ́nù wá ni àbí kì í ṣe òun? Nígbà mìíràn, òun ni. Ẹ kà á nínú ìwé kọ́ńtíráàtì tó wà níwájú yín, ẹ má gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni, títí kan èmi.

Bẹ́ ẹ bá sì ti ń kà á, ẹ wo iye kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó wákàtí. Àjẹmọ́nú nìyẹn. Bí ìwé bá kọ $32 pẹ̀lú àjẹmọ́nú $11, ẹni tó san $32 lásán ti jẹ gbèsè $11 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ó lè fi ṣe ìnáwó ìlera tàbí owó ìfẹ̀yìntì fún òṣìṣẹ́, ó sì lè kà á lé e lọ́wọ́. Ẹ má kọ lébírà síwájú orúkọ ẹni tó ń kan pákó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àbúrò ìyàwó tẹ́ ẹ mú wá síbi iṣẹ́ kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ lójú òfin àpapọ̀, àfi bí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ètò ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ tán ló máa gbà. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ ó máa fọwọ́ sí ìwé owó ọ̀yà pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, irọ́ inú ìwé yẹn sì lè di ẹjọ́ ọ̀daràn. Ní Texas, owó ìtanràn jẹ́ $60 lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí owó rẹ̀ kò pé. Òṣìṣẹ́ 5 fún ọjọ́ 20 ti di $6,000, èyí tí kò sì ka owó tẹ́ ẹ jẹ wọ́n mọ́ ọn.