Ìdiwọ̀n méjìlá péré: bí "Now's the Time" ṣe ń ṣiṣẹ́

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 1945, Charlie Parker wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní New York. Ó ti pẹ́ tó ti ń fọn sáksófóònù lẹ́yìn àwọn olórí ẹgbẹ́ mìíràn, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn òun gan-an ni ọ̀gá, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Savoy ló sì gbé iṣẹ́ náà fún un. Ọ̀kan nínú orin tó gbé dání ni "Now's the Time". Blues ni, orin tó ti ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wá.

Blues irú èyí kì í gùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìdiwọ̀n kan. Tí ìdiwọ̀n bá pé méjìlá, ìyípo kan ti parí nìyẹn, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jókòó sórí doh, ibẹ̀ ni ilé. Ìkarùn-ún àti ìkẹfà ṣí lọ sórí fah, ìkeje àti ìkẹjọ padà sílé. Ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá ni ara kì í ti í balẹ̀: blues àtijọ́ a máa bọ́ sórí soh tààrà, ṣùgbọ́n àwọn oníbebop, ìyẹn àwọn olórin jáàsì irú ti Parker, a kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ray kí wọ́n tó dé soh. Ìkọkànlá, wọ́n ti wọlé. Ọmọ kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì ò ní pẹ́ gbọ́ ọ.

Egungun nìyẹn. Ẹran tí Parker fi bò ó kéré débi tó fi lè pani lẹ́rìn-ín: gbólóhùn kúkúrú kan tó ń wí ní àwítúnwí. Tí kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tó jọ ń dún lábẹ́ orin, bá ti ṣí lọ sórí fah, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbólóhùn kan náà ni, àmọ́ ilẹ̀ tó dúró lé ti yí, etí sì gbà á bí ọ̀rọ̀ tuntun. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n orin náà wà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pa orin yẹn tì, tí oníkálukú á máa dá tirẹ̀. Parker fọn tirẹ̀, Miles Davis, ọmọ ọdún 19, gbà á pẹ̀lú tróńpẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni ò kéde pé ó ti kan lágbájá. Max Roach nídìí ìlù àti onídùùrù ń ka méjìlá náà sínú, ẹni tó bá ṣìkà á ni yóò ṣìnà.

Egungun yìí kò ní olóhun. Ẹni tó bá wù lè lò ó. Gbólóhùn tí wọ́n fi bò ó ló máa ń ní olóhun. Síbẹ̀, nígbà tó di 1949, onísáksófóònù mìíràn, Paul Williams, gbé gbólóhùn kan náà jáde lábẹ́ Savoy yìí kan náà, pẹ̀lú ìlù tó wúwo, ó pè é ní "The Huckle-Buck". Gbogbo ènìyàn ń jó o. Ọ̀sẹ̀ 14 ló fi wà ní ipò kìíní nínú orin R&B (rhythm and blues) ní Amẹ́ríkà. Orúkọ Andy Gibson, kì í ṣe ti Parker, ni wọ́n kọ síbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá orin sí.