Ṣé Bí Wọ́n Ṣe Ń Rìn Láyé Ìjọ́un Nìyẹn?

Gbé sinimá tí kò lóhùn sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ ní pálọ̀ kan ní Súrùlérè, kò ní pẹ́ tí yóò fi bú sẹ́rìn-ín: "Ta ló ń lé wọn?" Gbogbo wọn ń rìn wéréwéré bí adìyẹ tí òjò ká mọ́ ìta. Àwọn èèyàn á ní kámẹ́rà ayé ìjọ́un ni kò dáa. Irọ́ ni. Kámẹ́rà ò jẹ̀bi rárá.

Ẹni tó bá ti dúró ti télọ̀ rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ á wọlé, aṣọ á dúró. Abẹ́rẹ́ á gòkè, eyín kéékèèké tó wà lábẹ́ á ti aṣọ síwájú díẹ̀, á tún dúró. Bí fíìmù ṣe ń gba inú kámẹ́rà kọjá gan-an nìyẹn. Kì í ṣàn bí omi: ó ń dúró ya àwòrán kan, ó ń sún. Ara máṣíìnì ìránṣọ ni Louis Lumière ará Faransé ti rí ọgbọ́n náà kọ́, tí òun àti Auguste ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gbé ẹ̀rọ wọn jáde ní 1895.

Ọwọ́ ni wọ́n ń fi yí i. Lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, yíyí kan jẹ́ àwòrán 8, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sì jẹ́ 16. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í ṣe aago. Ti ẹlòmíràn á di 18, ti ẹlòmíràn á di 20, bíi télọ̀ tó ń rán aṣọ ẹbí lóru Jímọ́ tí òde sì di àárọ̀ Sátidé. Ẹ mọ bí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń tú lójú agbo. Àwọn aláwàdà tilẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ ní kí wọ́n rọra yí i, kí eré àwọn lè yá kí èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀rín tó tọ́ sí wọn.

Ìgbà tí ohùn wọ sinimá, ní ìparí ọdún 1920 sí 1929, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Etí fíìmù ni wọ́n tẹ ohùn sí, ohùn ò sì gba kí á yára díẹ̀ kí á tún falẹ̀ díẹ̀. Yóò dún bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Wọ́n bá so ó mọ́ àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíìmù tí wọ́n yà ní 16 tí wọ́n wá ń fi 24 hàn, ohun tí òṣèré fi ìṣẹ́jú 10 ṣe, ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 ni yóò fi parí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí sinimá kọ́kọ́ dé Èkó, ní Glover Memorial Hall, ní oṣù kẹjọ 1903, ayé ẹ̀rọ àfọwọ́yí ṣì ni. Ẹni tó ń fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ lè fi ojú ara rẹ̀ wo ara ògiri, bó bá rí i pé eré ti pọ̀ jù, kó dẹ ọwọ́. Mọ́tò tó rọ́pò rẹ̀ ò lójú.

Bí ẹ bá rí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lórí YouTube, ẹ fa ìyára rẹ̀ wá sí 0.75: 24 á di 18. Ẹ pa ohùn dùùrù tí ẹlòmíràn fi kún un, kí ẹ wá wo bí obìnrin inú rẹ̀ ṣe ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ìka kan tẹ̀lé òmíràn.