Ẹni Tó Tì Yín Mọ́lé Ló Ní Àlàyé Í Ṣe

Nínú gbogbo ẹjọ́ tó ń dé ọ́fíìsì mi gẹ́gẹ́ bíi lọ́yà, èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti ẹni tí wọ́n tì mọ́lé nítorí gbèsè, tàbí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹlòmíràn ṣẹ̀. Àwọn ẹbí á sáré wọlé, wọ́n á ní, "Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀." Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló ń dùn mí. Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀?

Abala 35 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 ló sọ̀rọ̀ òmìnira ara ẹni. Gbogbo ènìyàn ló ní in. Kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ wa àfi nítorí àwọn ìdí tí òfin kà sílẹ̀. Lára wọn ni: bí kóòtù bá ti dá ènìyàn lẹ́jọ́ ẹ̀wọ̀n, tàbí bí ìfura tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bá wà pé ó hùwà ọ̀daràn. Nítorí náà, kì í ṣe èmi tàbí ẹ̀yin ni yóò máa ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ kí á máa rìn fàlàlà. Ẹni tó tì wá mọ́lé ló ní àlàyé í ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níwájú adájọ́: bí a bá ti fi hàn pé wọ́n ti ènìyàn mọ́lé, ọrùn ẹni tó tì í ló kù sí láti fi hàn pé òfin fún òun láyè.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń rí lójú ayé. Màmá kan ń ta elùbọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, kò gbé ọkọ̀ wá, ó pa fóònù, ó sá lọ. Ìsọ̀ ni wọ́n ti wá gbé màmá. Ní káúńtà àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kó bọ́ bàtà, kó yọ yẹtí, kó kó fóònù sílẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá, ó bá di ẹ̀yìn irin. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá a sọ kò ju ẹyọ kan lọ: "Màmá, ẹ pe ọmọ yín kó wá, kí ẹ máa lọ sílé." Nígbà tí mo dé, mo bi ọlọ́pàá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni màmá ṣẹ̀. Ó ní kò ṣẹ̀, pé bí àwọn bá fi í sílẹ̀ ni ọmọ ò ní yọjú. Kò tiẹ̀ wò ó pé ohun tó burú lòun ń sọ.

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ láìfi bò pé a ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò ẹni tí a ń wá. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ti sọ ọ́ ṣáájú. Ìyá, ìyàwó, àbúrò, ọ̀rẹ́, kò sí èyí tó yẹ kó jókòó sí sẹ́ẹ̀lì de ẹlòmíràn. Òfin méjèèjì yìí náà ló ní gbèsè lásán tàbí àdéhùn tó yẹ̀ kì í ṣe ìdí tí a fi ń mú ènìyàn. Mi ò sọ pé kí ẹni tí a jẹ lówó má gba owó rẹ̀ o. Kóòtù ni kó lọ, kó pe ẹjọ́ owó. Jìbìtì yàtọ̀, ìwà ọ̀daràn ni, ọlọ́pàá sì lè wádìí rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó yáwó ṣòwò tí òwò náà wọmi kì í ṣe oníjìbìtì.

Àwọn baba wa mọ ohun tí gbèsè lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tó yáwó ìsìnkú tàbí owó ìyàwó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Oko olówó ni ìwọ̀fà yóò máa ro, iṣẹ́ yẹn sì ni èlé. Kò dín ẹyọ kan kù nínú owó tí wọ́n yá. Ọdún á gorí ọdún, ojú owó á ṣì dúró digbí. Síbẹ̀, ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ó ní ẹbí tó ń wá a, ó ní àkókò tó fi ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá sanwó ló ń gba ilé lọ. Àṣà yẹn ti kógbá sílé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá elùbọ́ ò tilẹ̀ rí tó ti ìwọ̀fà: kò yáwó, kò sí àdéhùn tó so ó mọ́ owó náà, kò sì sẹ́ni tó lè sọ iye ọjọ́ tí yóò lò.

Ọjọ́ mẹ́ta ni màmá lò ní sẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan máa ń ní kí ni ọjọ́ mẹ́ta jẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni òjò fi pa elùbọ́ tó sá síta. Ọjọ́ àjọ kọjá lórí rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nílé, òun wà ní sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí n béèrè ní kóòtù, kò dárúkọ owó. Ó ní kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú ọjà tí wọ́n ti gbé òun pé òun ò jalè. Ó ju ìdajì àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà tí kóòtù kò tíì dá lẹ́bi rárá. Ọjà tiwọn náà wà níbì kan.

Ní ti àkókò: bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn, ọjọ́ kan péré ni òfin fún wọn láti gbé e débẹ̀. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì, tàbí iye tí kóòtù bá rí i pé ó bójú mu. Ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Àkúrẹ́, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kóòtù jìnnà. Ẹ̀sùn tó lè la ikú lọ, bí ìpànìyàn, kò sí lábẹ́ gbèdéke yìí. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sínú ìwé fún un, ní èdè tó gbọ́. Ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti panu mọ́ títí yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹni tó bá fẹ́ fọ̀rọ̀ lọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ka sí ìwé tí ẹ ò lè kà. Ibẹ̀ ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan ti máa ń jẹ́wọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Béèlì kì í ṣe títà. Àwọn àgọ́ ọlọ́pàá fúnra wọn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé ọ̀fẹ́ ni. Onídùúró ni wọ́n lè béèrè. Bí wọ́n bá ní obìnrin ò lè dúró fún ènìyàn, irọ́ ni. Òfin 2015 yẹn kọ̀ ọ́.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga ló kàn, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀. Ìlànà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 ní kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ láàárín ọjọ́ méje tí a pe ẹjọ́. Ẹlòmíràn lè bá ẹni tó wà látìmọ́lé pè é, kò sì sí pé ọjọ́ ti pẹ́ jù. Abala 35 náà ló ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ aago tí wọ́n mú un sílẹ̀, orúkọ àgọ́ náà, orúkọ ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e. Ohun tí lọ́yà máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.