Ta Ló Ń San Gbèsè Ohùn Nínú Kàtídírà?

Ti owó ìwọlé, ti ìwé ètò tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà, ti aṣọ tó yẹ ní wíwọ̀, kò sí èyí tó le níbẹ̀. Ẹ tètè dé, ẹ pa fóònù, ó parí. Ohun tó yẹ kó yé èèyàn kó tó lọ gbọ́ orin àwọn òyìnbó bíi Bach tàbí Handel, tàbí iṣẹ́ àwọn tiwa bíi Fela Sowande àti Ayọ̀ Bánkọ́lé, nínú kàtídírà ni ilé náà fúnra rẹ̀. Ìbáà jẹ́ Holy Trinity ní Ọmọ́fẹ̀, Iléṣà, ìbáà jẹ́ St. Philip ní Ayétòrò, Ilé-Ifẹ̀, ilé ni ohun èlò orin tó tóbi jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n máa lò lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sì sẹ́ni tó ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ètò.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà ló ni àkàwé tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù: òṣómàáló. Oníṣòwò tó ta aṣọ láwìn, tí ọjọ́ owó pé, tó wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí kò ní dìde àfi tí owó rẹ̀ bá pé. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn ṣe ń ṣe nínú ilé. Bí akọrin bá ti lanu, agbára tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣàdédé pòórá. Ó ń kan ilẹ̀kùn kiri ni, ó ń gba díẹ̀ níbí, ó ń gba díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí gbèsè á fi tán. Ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, tí wọ́n kùn dán, ahun gidi ni: nínú 100 kọ́bọ̀, bíi 2 péré ló ń san. Ilẹ̀ tẹ́rásò kò lawọ́ jù ú lọ. Sílíìnì onípákó sàn díẹ̀, àgàgà fún ohùn báàsì, torí ó máa ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀.

Ká ní ṣọ́ọ̀ṣì kan gùn ní mítà 36, ó fẹ̀ ní mítà 15, ó sì ga ní mítà 10 (àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe ìwọ̀n èyíkéyìí nínú àwọn tí a dárúkọ). Nínú ooru tiwa, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 345 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ilé tó tó báyìí, ní ìpíndọ́gba, mítà 10 ló ń rìn kó tó kan nǹkan. Ìyẹn ni pé ìgbà 33 ló ń kan ilẹ̀kùn onígbèsè kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Bí ògiri, ilẹ̀, sílíìnì àti bẹ́ǹṣì bá ń san kọ́bọ̀ 7 nínú 100 tí a bá pa gbogbo wọn pọ̀, ó máa kan ilẹ̀kùn tó ìgbà 200 kó tó ku ìdá kan nínú mílíọ̀nù, tí a lè sọ pé ó ti tán. Ìṣẹ́jú àáyá 6 nìyẹn.

Kì í ṣe gbohùngbohùn là ń sọ o. Gbohùngbohùn ni kéèyàn ké lẹ́bàá òkè, kí òkè dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan, gedegbe. Ti kàtídírà jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdáhùn tó ń gun ara wọn lórí títí wọ́n fi di ìrù kan gbọọrọ. Ẹ jẹ́ ká kúkú máa pè é ní ìrù ohùn.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ìṣirò gbèsè yìí ṣe ni Wallace Sabine, olùkọ́ físíìsì ní Harvard, ní Amẹ́ríkà. Ní 1895 ni wọ́n ní kó wá wo gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ kì í ti í yé akẹ́kọ̀ọ́. Fèrè dùùrù kan, aago, àti etí rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Òru ló ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ìta bá ti pa rọ́rọ́. Á kó tìmùtìmù àga láti gbọ̀ngàn mìíràn wá, á tò wọ́n sílẹ̀, á tún fọn fèrè, á wo bí ìrù ohùn ṣe kúrú tó. Ohun tó fi ṣe òṣùwọ̀n ló dùn jù: fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Fèrèsé ni onígbèsè tó ń san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà, torí ohùn tó bá gba ibẹ̀ jáde ti lọ nìyẹn. Ó wá sọ gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé di iye mítà fèrèsé, níbùú lóròó. Ìlànà rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: ẹ fi gígùn, ìbú àti gíga ilé lu ara wọn, ẹ fi 0.161 lù ú, kí ẹ fi iye mítà fèrèsé pín in. Ilé tiwa yẹn jẹ́ 5,400. Nígbà tó ṣófo, tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, ó ní bíi 145. Ìdáhùn rẹ̀ ni ìṣẹ́jú àáyá 6.

Ibi tó ti ń di tiwa rèé. Èèyàn kan tó jókòó tó ìdajì mítà fèrèsé. Èèyàn 400 jẹ́ 200. Kí wọ́n jókòó báyìí, ìrù ohùn ti já sí 2.5. Ẹ ṣí fèrèsé 30, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan àti ààbọ̀, ẹ ti fi 45 kún un: ó di 2.2. Gbọ̀ngàn tí wọ́n dìídì kọ́ fún irú orin yìí nílùú òyìnbó, láàárín 1.8 sí 2.2 ni wọ́n ń wá. Nítorí ooru ni àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe la fèrèsé rẹpẹtẹ sí ògiri, kò sẹ́ni tó ro ti orin, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ bọ́ sí ibi tí àwọn onímọ̀ ń fi owó ńlá wá. Àwọn tí Sabine wọ̀n, aṣọ òyìnbó ló wà lọ́rùn wọn. Kò wọn agbádá aṣọ òkè, kò wọn gèlè tó fẹ̀ bí agbòòrùn. Ìlà bẹ́ǹṣì kan tí ìyá mẹ́jọ jókòó sí pẹ̀lú ìró, ìborùn àti gèlè lè máa sanwó ju bí ìwé rẹ̀ ṣe wí lọ.

Ìdí rèé tí kóáyà tó lọ dán orin wò ní ọjọ́ Ẹtì nínú ilé òfìfo fi máa ń gbọ́ irọ́. Ilé ń gbé ohùn wọn lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ń dùn bí oyin, ni wọ́n bá ń kọrin jẹ́jẹ́. Ọjọ́ Àìkú dé, èèyàn kún, ohùn kò lọ mọ́, ni àwọn tẹ́nọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Olùdarí tó mọṣẹ́ máa ń kìlọ̀ fún wọn láti ọjọ́ Ẹtì náà.

Ìgbà yẹn ni ẹnìkan á ní kí wọ́n gbé sípíkà wá. Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló ń bíni nínú jù. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé èèyàn nínú ilé tí ìrù ohùn ti gùn, kì í ṣe pé ohùn kéré. Gbèsè ló pọ̀. Sípíkà kì í san gbèsè, òṣómàáló ló ń kó wọlé sí i. Bí ohùn akọrin ṣe ròkè ni ìrù rẹ̀ náà ń ròkè, ìrù náà kò sì fi ìṣẹ́jú àáyá kan kúrú. Bí kò bá ṣeé ṣe láìsí sípíkà, kéékèèké ni kí wọ́n jẹ́, kí wọ́n wà nítòsí etí èèyàn, kí wọ́n dojú kọ bẹ́ǹṣì, kì í ṣe ògiri. Èyí tó bá fi mítà 17 jìnnà sí akọrin gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú 20 ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sípíkà á ṣáájú ẹnu.

Ìjókòó wá ńkọ́? Àwọn tó ń sáré gba ìlà kìn-ín-ní rò pé ẹnu akọrin gan-an làwọn máa gbọ́. Nínú ilé tí a ṣírò yìí, bí èèyàn bá ti jìnnà sí orísun ohùn ju nǹkan bíi mítà 3 lọ, ohun tó ń ti ara ògiri bọ̀ ti pọ̀ ju ohun tó ń bọ̀ tààrà lọ. Ògiri ni gbogbo wa ń gbọ́. Àárín ilé ló dára jù, ìlà kẹjọ sí ìkejìlá, níbi tí ojú ti tó akọrin. Abẹ́ gálárì lẹ́yìn kò dára, torí òkè tó sún mọ́lẹ̀ ti dí ìrù ohùn lọ́nà. Ẹ̀yìn òpó sì ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ìgbì ohùn báàsì lè gùn tó mítà 3 àti ààbọ̀, ó ń yí òpó ká bí omi ṣe ń yí òkúta ká. Ìgbì ohùn tó ń ṣe “s” kò ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Òpó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 á gé e kúrò. Ẹni tó wà níbẹ̀ á máa gbọ́ orin, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ló ń jìyà jù nínú èyí. Èdè Látìn lè fa “e” kan fún ìṣẹ́jú àáyá 4, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ mú “Jésù, ìgbàlà”. Ohùn òkè “Jé” kò tíì lọ tí àwọn ohùn ìsàlẹ̀ “ìgbàlà” fi dé. Bí sílébù kan bá ń gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, nínú ilé òfìfo, sílébù tó kọjá ṣì ní bíi ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí èyí tó tẹ̀lé e bá dé. Bí ilé bá kún, tí fèrèsé sì ṣí, kò tó ìdá kan nínú 20. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó láti 1914 sí 1962, rọ̀ mọ́ ọn pé kí orin ìjọ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ilé náà ní ẹnu ọ̀rọ̀ sí i. Àtúnṣe wà: kí wọ́n fa orin sẹ́yìn díẹ̀, kí kọ́ńsónáǹtì ṣáájú ọwọ́ olùdarí díńkín, kí wọ́n já ohùn òkè kó tó pé iye rẹ̀, kí àlàfo kékeré wà. Ìyáàlù tó bá máa fọhùn, kí ó kúrò láàárín kóáyà níbi pẹpẹ, kí ó wá sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, nítòsí èrò, kí ó sì lù díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá wà níbi pẹpẹ, àrá lásán ni ìjọ máa gbọ́.

Àtẹ́wọ́ náà wà níbẹ̀. Bí ohùn ìkẹyìn bá ti já, ìrù rẹ̀ ṣì ń lọ sókè sí sílíìnì fún ìṣẹ́jú àáyá 2 àti díẹ̀. Ọwọ́ olùdarí tó ṣì wà lókè ni ẹ̀rí. Ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ nígbà yẹn ti tẹ ohun tí gbogbo ilé kójọ wá gbọ́ mọ́lẹ̀. Kí ọwọ́ olùdarí sọ̀ kalẹ̀ ná.

Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, òjò ìrọ̀lẹ́ lè ba gbogbo ìṣirò yìí jẹ́. Ariwo rẹ̀ lórí pánù bo orin ẹnu lásán mọ́lẹ̀, nítorí náà dùùrù ni olùdarí tó gbọ́n ń gbé síwájú ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, á fi orin jẹ́jẹ́ pamọ́ dìgbà tó bá dá. Àwọn ṣáídímàànù á sì ti sáré lọ ti fèrèsé kí omi má bàa wọlé. Mítà 45 ti lọ nìyẹn, ìrù ohùn ti padà sí 2.5, atẹdùùrù á sì ní láti rọra ju bó ṣe tẹ̀ ẹ́ ní ìdajì wákàtí sẹ́yìn lọ.