Bí fíìmù ṣe ń pàdánù adùn rẹ̀ bí wọ́n bá tún un yà nílẹ̀ mìíràn

Níbi ìnáwó n'Ílọrin, olórin dàdàkúàdà á ju ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, gbogbo agbo á bú sẹ́rìn-ín. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá á ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fóun. Wọ́n á túmọ̀ rẹ̀ láìfi ẹyọ kan sílẹ̀, ẹ̀rín ò sì ní pa á. Ọ̀rọ̀ dé etí rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ ni kò bá a dé. Bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rí bí Hollywood bá tún fíìmù ilẹ̀ mìíràn yà.

Ẹ̀tọ́ ìtàn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rà. Òǹwòran Amẹ́ríkà púpọ̀ ni kò fẹ́ máa ka ìtumọ̀ tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ fíìmù, ìyẹn ló ń mú kí wọ́n rò pé títún un yà lérè ju gbígbé ojúlówó jáde. (Àwọn tó fi fíìmù Íńdíà dàgbà n'Ílọrin, tí wọn ò gbọ́ Híńdì àmọ́ tí wọ́n ń bá òṣèré sunkún, á pè wọ́n lọ́lẹ.) Lẹ́yìn náà ni òǹkọ̀wé á yí orúkọ àti ìlú padà. Ìyẹn ò le. Owó ni ìṣòro, torí ẹni tó náwó rẹpẹtẹ ò ní fẹ́ kí èrò jáde tòun tìbànújẹ́.

Ẹ wo Spoorloos, fíìmù ilẹ̀ Netherlands tí George Sluizer yà ní 1988. Ọkùnrin kan àti olólùfẹ́ rẹ̀ rin ìrìn àjò lọ sílẹ̀ Faransé. Wọ́n yà sílé epo, obìnrin náà wọlé lọ ra ohun mímu, kò jáde mọ́. Ọdún mẹ́ta ni ọkùnrin yìí fi ń wá a. Nígbẹ̀yìn, ajínigbé fúnra rẹ̀ yọjú sí i: bó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àfi kó gbà kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí òun náà. Ó mu kọfí tí wọ́n fi oògùn oorun sí. Ìgbà tó máa lajú, inú pósí ló wà, lábẹ́ ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá yọ ọ́.

Sluizer kan náà ló tún un yà fún Amẹ́ríkà ní 1993. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rẹ́bìnrin tuntun tí ọkùnrin inú ìtàn náà ní gbà á là, ajínigbé sì kú. Olùdarí ò yí padà, ìtàn náà ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àmọ́ ìbẹ̀rù pé wíwádìí ọ̀rọ̀ dópin lè pa ènìyàn, èyí tí gbogbo rẹ̀ dúró lé, ti lọ.

Olórin tó mọṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá kúrò n'Ílọrin tí ẹṣin ti jẹ́ eégún ilé wọn, tó dé Ọ̀fà, ìjàkadì tí í ṣe orò Ọ̀fà ló máa fi kì wọ́n. Ohun tí Martin Scorsese, olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà, ṣe sí Infernal Affairs, fíìmù Hong Kong ti 2002, nìyẹn. Ó gbé ìtàn ọlọ́pàá àti jàǹdùkú tó ń ṣe amí síra wọn lọ sáàárín àwọn ọmọ Ireland tó wà ní Boston, ó fún un ní èébú wọn àti ẹ̀sìn Kátólíìkì wọn. The Departed ni wọ́n pè é ní 2006, òun ló sì gba Oscar fíìmù tó dára jù lọ fún ọdún yẹn.