Ṣàkì ló ń darí nyumbu

Ẹni tó bá dé ìsọ̀ àwọn alápatà ní ọjà Akẹ̀sán, l'Ọ́yọ̀ọ́, kò ní pẹ́ rí ṣàkì, tó nípọn bíi tọ́wẹ̀lì tó gbomi. Irú àpò yẹn náà ló wà nínú nyumbu, ẹranko tí Òyìnbó ń pè ní wildebeest. Kò sí nyumbu nílẹ̀ Yorùbá. Ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ wa: ẹtu, àgbọ̀nrín àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. (Àwọn tó ń pe àgbọ̀nrín ní deer ṣì í pè. Ìwo deer máa ń já lọ́dọọdún kó tó tún hù; ti àgbọ̀nrín kì í já.)

Gbogbo wọn ló ń jẹ àpọ̀jẹ. Ẹran kì í rún koríko kúnná nígbà tó bá ń jẹ ẹ́, á kàn gbé e mì ni. Inú ṣàkì ni àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò rí ti ń fọ́ ọ, tó ń kan bí ògì inú ìkòkò, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń bá gùnfẹ̀ jáde. Ẹ wo ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án: nǹkan roboto kan á gba ọ̀fun rẹ̀ gòkè, àgbọ̀n á máa lọ sápá kan, á dákẹ́, á gbé e mì, òmíràn á tún gòkè. Àpò mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ìkẹrin nìkan ló ń ṣiṣẹ́ bí ikùn èèyàn.

Bí ṣàkì bá ṣe tóbi tó ló ń sọ ohun tí ẹran lè jẹ. Ti ẹtu kéré, kò lè dúró de koríko líle títí yóò fi dà. Èso tó já bọ́ àti ọ̀mùnú ewé ló ń ṣà jẹ, ìwọ̀nyí kì í sì í pọ̀ lójú kan, ìdí nìyẹn tí ẹtu fi ń dá rìn. Ti nyumbu yàtọ̀. Akọ rẹ̀ lè wọn tó 250 kìlógíráàmù, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń fá koríko kúkurú nílẹ̀ bí ẹni fá orí. Níbi tí òjò bá ti rọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lè jẹun pọ̀. Àmọ́ òjò kì í rọ̀ lójú kan yípo ọdún.

Ní Serengeti, ní Tansanía, wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Ní nǹkan bí oṣù kìíní sí ìkẹta, gúúsù ni wọ́n ń wà, níbi tí eérú òkè oníná ti jẹ́ kí koríko kún fún èròjà tó ń mú ọmú kún. Ọ̀pọ̀ wọn á bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ìkookò má baà lè pa gbogbo ọmọ tán. Tí omi bá gbẹ, wọ́n á forí lé àríwá, wọ́n á la odò Mara kọjá sí Kẹ́ńyà lójú ọ̀nì. Òjò ìparí ọdún ló ń dá wọn padà.

Nínú igbó Old Oyo National Park, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà l'Ọ́yọ̀ọ́, ìbátan nyumbu tó sún mọ́ ọn jù ni hartebeest. Ojú rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu tóóró yẹn ló sì fi ń ṣa ewé díẹ̀díẹ̀ láàárín koríko gbígbẹ, kò nílò kó rin ìrìn àjò títí. Bí iná ọyẹ́ bá jó igbó, tí ọ̀mùnú koríko yọ lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹran á wá jẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọdẹ àtijọ́ ti máa ń ba dè wọ́n.